Ẹni Tó Sún Mọ́ Ọn Jù

"Ta ló rán ẹ sí mi?" Oníṣirò bi í, kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

Àgéré, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun méjì, tẹ̀ ba kí orí rẹ̀ má baà gbá àtẹ́rígbà. "Kò sẹ́ni tó rán mi, Àǹtí. Mo kàn ní kẹ́ ẹ bá mi tún ìdíje kẹta wò ni. Kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ mú un."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ ṣáà wò ó, mà."

Ó jáde. Oníṣirò mọ irú wọn. Láàárín ọdún mẹ́fà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, tó bá ti di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yan èèyàn, ẹnì kan a gbé èso wá, ẹlòmíràn a mú ìyá rẹ̀ wá.

Aago mẹ́rin ọjọ́ náà ni àwọn tó ni ikọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ náà máa yan ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn tuntun méjèèjì. Ìwé Oníṣirò ni wọ́n máa wò. Nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù tí alátakò bá jù lójú Àgéré, mọ́kànlélọ́gọ́ta ló ń wọlé. Ti ẹnì kejì rẹ̀ kò ju márùn-úndínláàádọ́ta lọ. Bó ṣe ń ṣe é ni pé á dá fídíò dúró níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú, á wá kọ orúkọ ẹni tiwọn tó sún mọ́ ọn jù. Ẹni yẹn ló máa ru ẹ̀bi.

Ó fi ìbínú ṣí ìdíje kẹta. Ó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ibi tí òun máa ń dá a dúró sí, bí Àgéré ṣe wí. Ẹni tó yẹ kí Balógun ikọ̀ máa ṣọ́ kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó. Àgéré fi ẹni tirẹ̀ sílẹ̀, ó sáré ìṣísẹ̀ gígùn méjì, ó nawọ́ sókè, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ti wọlé. Nínú ìwé, orúkọ Àgéré ló wà níbẹ̀.

Ó tún wo òmíràn. Nígbà tó fi di ọ̀sán, nínú ogójì bọ́ọ̀lù tí ó kọ sí Àgéré lọ́rùn, mẹ́tàlélógún jẹ́ ti Balógun. Ẹni tó sáré lọ paná ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ pé ó dáná sunlé.

Ó wá rántí pé Kóòṣì ló ní kí wọ́n máa kọ ọ́ báyìí lọ́dún tó kọjá. Balógun sì ni àbúrò ìyàwó Kóòṣì.

Kóòṣì wọlé. "Ìwé ti jáde?"

"Ó ti jáde, sà. Ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ sí i." Ó ṣàlàyé fún un.

"Mo rí Àgéré níbí láàárọ̀. Kí ló fún ẹ?"

"Iṣẹ́ ló fún mi, sà. Ta ló ní ká yí ọ̀nà tí a ń gbà kọ ọ́ padà?"

"Tó o bá fẹ́ bú mi, bú mi. Má fi àna mi pòwe." Ó di ilẹ̀kùn mú. "Wọ́n á bi ẹ́ pé èwo nínú ìwé rẹ ni káwọn gbà gbọ́. Wọ́n á sì wá ẹni tí ìwé tirẹ̀ kì í yí."

Òótọ́ ni. Síbẹ̀ Oníṣirò gba pápá lọ. Balógun wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wé báńdéèjì mọ́ orúnkún.

"Àǹtí, ṣé kọ̀ǹpútà lé yín síta ni?"

"Orúnkún yẹn, láti ìgbà wo?"

Ó jọ̀wọ́ báńdéèjì. "Àgéré ló sọ fún yín?"

"Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n wo ìdíje kẹta."

"Èmi ni mo ní kó máa bò mí. Mi ò mọ̀ pé òun lẹ̀ ń kọ ọ́ sí lọ́rùn."

"Kóòṣì ńkọ́? Ó mọ̀?"

"Kò bi mí rí." Balógun nawọ́ sí i. "Ẹ fà mí dìde, ká jọ lọ sípàdé."

Ó fà á dìde. Oníṣirò jẹ́ kó ṣáájú. Kò tíì dá a lójú pé òótọ́ ni Balógun máa sọ tí wọ́n bá dé ọ̀hún, torí náà ó yà gba ọ́fíìsì, ó gbé fídíò náà dání.