Jàrátù Ní Kí N Kí Yín

"Ta lẹ lọ bá nínú igbó yẹn?"

Àbúdùlàhí ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ kejì ṣì wà lórí àpáta etídò. Ó ju àpò ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìjókòó. Nígbà tó ń lọ, àpò náà wúwo débi pé èjìká rẹ̀ tẹ̀. Ní báyìí, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

"Mo lọ wo ìgèrè tí mo dẹ sápá ibẹ̀ ni."

"Ẹja ńkọ́?"

"Kò mú nǹkan kan."

Àràmídé wo bàtà ọkọ rẹ̀. Eruku pupa ló bò ó, eruku ojú ọ̀nà, kì í ṣe ẹrẹ̀ odò. Kò sọ ọ́ jáde. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe tíṣà ní Ìjàrà-Ìsin, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ojú ẹsẹ̀ la ń mú onírọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n ṣègbéyàwó nìyí, ọ̀sẹ̀ kẹta náà ni wọ́n ń gbé inú ọkọ̀ ìgbòkun lórí omi dáàmù tó wà láàárín Òmù-Àrán àti Agbamu. Ọdún méjìlélógún ni Àbúdùlàhí fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun kó tó padà sílé. Tírélà ló gbé ọkọ̀ kékeré yìí tẹ̀lé e láti Èkó, tọmọdé tàgbà sì jáde wá wò ó. Yàrá kan ló wà nínú rẹ̀, tó gba ibùsùn kan àti sítóòfù kan. Àràmídé, opó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ní ilé tiwọn, kò rò pé òun tún lè lọ́kọ, áńbọ̀sì ọkọ tó máa ní kí àwọn lo oṣù méjì àkọ́kọ́ lórí omi.

Ọ̀sẹ̀ kìíní dùn. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa okùn tí ìgbòkun, aṣọ ńlá tó ń gba afẹ́fẹ́, fi ń gòkè. Nígbà tó ń dín ẹyin, ọkọ̀ dagun, gbogbo òróró sì ṣàn lọ sápá kan páànù, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láàárọ̀, nígbà tí ìkùukùu bá ṣì bo omi, ọkọ̀ á gbé wọn láti ìpẹ̀kun omi kan dé èkejì láìgbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì.

Àmọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, Àbúdùlàhí so ọkọ̀ mọ́ igi lápá Agbamu, ó gbé àpò wọgbó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹrin báyìí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Mótún àbúrò Àràmídé sọ fún un lórí fóònù, "ọkùnrin tó nílẹ̀ lóòkè, tó wá kó ìyàwó lọ sórí omi, ẹ bi í pé ta ló ń sá fún. Ẹ ò sì lè lúwẹ̀ẹ́."

"Ó ra ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì fún mi."

"Ẹ̀wù náà kọ́ ni mo ń wí."

Lọ́jọ́ kejì, Àràmídé gbé tìmùtìmù síta kó lè sá a sóòrùn. Lábẹ́ rẹ̀, ó bá irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ mìíràn, ti obìnrin tó kéré sí i. Ẹnì kan ti fi yíǹkì kọ JÀRÁTÙ sí inú ọrùn rẹ̀. Àràmídé mọ orúkọ náà. Ìyàwó tí Àbúdùlàhí fẹ́ ṣáájú ni. Ohun tó sọ fún un, tó sì sọ fún gbogbo ìlú, ni pé àwọn ti kọ ara àwọn sílẹ̀, obìnrin náà sì wà lókè òkun. Kò sọ pé ó ti sùn nínú ọkọ̀ yìí rí. Àràmídé dá ẹ̀wù náà padà síbi tó ti mú un.

Nígbà tó di Jímọ̀, ó jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ ṣáájú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà náà gba abẹ́ igi kajú, kò sì jìn. Abúlé ilé márùn-ún ló já sí. Àràmídé fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri ilé ìdáná. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí ẹní níwájú ilé, ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Àbúdùlàhí kó búrẹ́dì àti mílíìkì jáde nínú àpò, ó jókòó tì í, ó gbé ẹsẹ̀ ìyá náà sórí itan ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró pa á lẹ́sẹ̀ àti lọ́wọ́.

"Jàrátù ní kí n kí yín, Ìyá."

"Ó ṣé. Ara rẹ̀ le?"

"Ó le dáadáa. Ó ní tí àyè bá yọ, òun máa wá kí Iléyá tó dé."

"Ọlọ́run á mú un wá layọ̀."

Àràmídé padà sétídò, kò sì wọ ọkọ̀. Orí àpáta ló jókòó sí títí ọkọ rẹ̀ fi dé.

"Ẹ wọlé ká máa lọ, Tíṣà. Afẹ́fẹ́ ti dé."

"Mi ò wọ̀ ọ́. Èwo ni Iléyá tí Jàrátù máa bá wa ṣe? Ṣé inú ọkọ̀ yìí ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa wà?"

Àpò bọ́ lọ́wọ́ Àbúdùlàhí.

"Jàrátù ti kú," ó ní. "Ó ti pé ọdún mẹ́rin."

"Níbo?"

Ó wo ọkọ̀. "Ibẹ̀ yẹn ló ti ṣèṣe."

Ó sọ ọ́ ní kúkúrú, láìgbójú sókè. Láàárọ̀ kan ni òun àti Jàrátù gbéra láti Èkó, wọ́n ń lọ sí Kútọnù. Afẹ́fẹ́ yí lójijì, igi tó di ìsàlẹ̀ ìgbòkun mú fì wá láti apá kejì, ó sì gbá a lórí. Ọjọ́ kejì ló kú ní ọsibítù kan ní Kútọnù, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí.

"Ìyá ẹ̀ ò fẹ́ kó bá mi lọ. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni. Ó ní bí mo bá mú un lọ sórí omi, èmi náà ni kí n mú un padà wá. Ọjọ́ tí mo wá láti túfọ̀, mi ò tíì jókòó tó fi béèrè ẹ̀. Mo ní Jàrátù ní kí n kí wọn. Látìgbà yẹn, mi ò rọ́nà bọ́. Torí kí ọ̀rọ̀ má bàa dé etí wọn ni mo ṣe sọ fáráyé pé a ti kọ ara wa."

Ó fa ìwé kan yọ nínú ọ̀rá tó wà lápò aṣọ rẹ̀, ó nà án sí i. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Orúkọ àti déètì nìkan ni Àràmídé lè kà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ìwé ikú. Ó lè jẹ́ ìwé mìíràn.

"Ẹni tó fi ọdún mẹ́rin parọ́ fún afọ́jú," ó ní, "kí ló fẹ́ dí i lọ́wọ́ láti parọ́ fún mi?"

Àbúdùlàhí gba ìwé náà padà.

Àràmídé ro ti Mótún. Ó ro ti ọ̀kadà tó máa ń gba abúlé yẹn lọ sí Agbamu. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀.

"Mò ń padà lọ bá ìyá yẹn. Tó o bá fẹ́, wá. Tí o ò bá fẹ́, dúró níbí."

Kò pè é ní "ìwọ" rí.

Kí ó tó dé iwájú ilé ni ìyá náà ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé orí sókè.

"Ẹsẹ̀ obìnrin nìyí. Jàrátù?"

Ó na ọwọ́ méjèèjì. Àràmídé kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ náà mú. Ó gbóná, òróró ṣì wà lára rẹ̀. Ó rí ayọ̀ tó ti kún ojú arúgbó náà, ó sì wá yé e bí irọ́ ṣe lè yọ́ bọ́ lẹ́nu èèyàn níbí.

"Rárá, Ìyá. Àràmídé lorúkọ mi. Èmi ni Àbúdùlàhí ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́."

Ìyá kò fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Jàrátù wá ńkọ́?"

Àràmídé bojú wẹ̀yìn. Àbúdùlàhí ti dé. Ó ṣí fìlà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò dé orí ẹní.

"Ìyá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbéra ní Èkó. Ìka arúgbó ń le mọ́ ọwọ́ Àràmídé, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Àràmídé ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi í wé èyí tó gbọ́ létídò. Títí Àbúdùlàhí fi dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti yí, kò tíì rí ibi tí ó ti yàtọ̀.