Àwọn Tó Ń Mi Orí Sí Orin

Délé, kò sí ọgbọ́n láyé tó ju kéèyàn dijú, kó máa mi orí sí orin òyìnbó tí kò yé e. Nínú àlá tí mo lá lóru àná, irú àwọn ọlọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀ kún gbọ̀ngàn kan. Àárín àwọn onífayolíìnì ni ìyá mi tó ti kú dúró sí, ó lé orin tó máa ń kọ bó bá pọ̀n mí. Kò sẹ́ni tó gbè é, ló bá ké sí mi:

"Àkànní, gbè mí lórin o! Bí o ò bá gbè é, mo ń padà lọ nìyẹn."

Mo mọ ègbè náà dáadáa. Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yíjú sí mi, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ará oko. A kì í gbe irú èyí."

Ìyá mi ń fẹ̀yìn rìn lọ. Mi ò mọ ìtumọ̀ àlá náà, ẹkún ni mo sun jí. Délé, bó ṣe ń lọ yẹn, èmi náà dijú ni, mo ń mi orí.