Tíì Kíkorò Tẹ́ẹ́rẹ́ Télọ̀

Tẹ́ẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe télọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn rẹ̀ ni í kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Òun náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín sí i. Àmọ́ lọ́jọ́ tí dókítà fi àwòrán inú rẹ̀ hàn án, tó ní ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín pòórá. Ẹ̀dọ̀ ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí ikùn ẹni yẹn wú, tí apá rẹ̀ sì rù kan eegun. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni.

"Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, bàbá," ni dókítà, obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àkọ́bí Tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, wí. "Tiyín ṣì ṣeé wò. Ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ jáwọ́ nínú ọtí, ẹ máa rìn dáadáa. Dípò ẹlẹ́rìndòdò, ẹ lè máa mu tíì tí kò ní ṣúgà. Ó lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ òun nìkan kọ́ o."

Tíì nìkan ni Tẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́. Oúnjẹ ò ṣeé dín kù, orúnkún ò gbà fún ìrìn. Ṣùgbọ́n ta ni ò lè gbé ife sẹ́nu? Ó gbé kẹ́tùlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń da tíì kíkorò sọ́fun bí ẹni ń bomi sínú agbọ̀n. Oorun dágbére fún un. Àìsùn mú kó rán ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà kan pa.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní, "Baálé mi, ṣé ẹ fẹ́ mu tíì ni, àbí ẹ fẹ́ wẹ̀ nínú ẹ̀?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Àbí o fẹ́ di opó ni?"

Obìnrin náà kò mọ̀ pé nígbà tí àyẹ̀wò kejì ò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ọkọ òun ti rí ohun mìíràn lórí fóònù: hóró oògùn tí wọ́n kó agbára ọ̀pọ̀ ife tíì jọ sínú ẹyọ kan rẹ̀. Àwọn tó ń tà á búra pé á fọ ẹ̀dọ̀ bí ọṣẹ ṣe ń fọ aṣọ. Ẹni tó ń rì sómi kì í bi okùn léèrè ibi tó so mọ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ ń gbé e mì ní kọ̀rọ̀, ó sì ń gbé e mì kọjá ohun tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ojú sókè sí ìmọ́lẹ̀ láti fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Bọ́tìnnì fọ́n ká ilẹ̀ láti ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ẹyinjú ọkọ rẹ̀ ti di pupa rúsúrúsú.

"Ibà pọ́njú! Mo gbé o!"

Ní ọsibítù, dókítà bi í pé, "Bàbá, kí lẹ ń lò?"

"Tíì ni."

"Tíì inú ife kì í sábà ṣe báyìí. Kí tún ni?"

Tẹ́ẹ́rẹ́ wo ògiri, ó wo ìyàwó rẹ̀, ló bá bú sẹ́kún. "Mi ò fẹ́ kú bíi ẹ̀gbọ́n mi ni." Ó wá jẹ́wọ́ hóró oògùn.

"Agbára tíì tí wọ́n kó jọ sínú hóró yẹn ló ń ba ẹ̀dọ̀ yín jẹ́," ni dókítà wí. "Ẹ ò ní fẹnu kàn án mọ́."

"Ṣé á yè é?" ni ìyàwó béèrè.

Dókítà tún ẹyinjú ọkùnrin náà yẹ̀ wò. "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Ara ń yún ọkùnrin náà bí ẹni tí èèrà bò. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú kó má baà họ ara bó.

"Ẹ wá fi pa mọ́ fún mi."

"Ojú ló ń tì mí."

"Ìtìjú ò wo àìsàn," obìnrin náà fèsì, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni ojú náà ń mọ́. Wọ́n padà sílé, àmọ́ dókítà ti sọ fún wọn pé àpá ti wà lára ẹ̀dọ̀, òun ò sì lè ṣèlérí. Ní báyìí, tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, tọkọtaya náà a ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n a rìn títí dé orígun òpópónà. Tẹ́ẹ́rẹ́ a dúró, á mí hẹlẹhẹlẹ, ìyàwó rẹ̀ a dúró dè é. Láàárọ̀, wọ́n jọ máa ń mu tíì, ife kọ̀ọ̀kan.

"Wo ojú mi. Ṣé ó mọ́ lónìí?"

"Ó mọ́."

"Tún un wò dáadáa."