Àga Àyálò

Ẹni tó bá rí Alágbàfọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí àlejò àjọ ń bọ̀ á rò pé ìyàwó tuntun ni wọ́n fẹ́ gbé wọlé. Ó ti gbálẹ̀, ó ti nulẹ̀, ó tún padà lọ gbá ibi tó ti nù. Yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń gbé, lókè pátápátá ilé alájà kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ máa ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Ọkọ rẹ̀ ti wáṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn, títí di bí a ṣe ń wí yìí kò sì tíì rántí pé òun fi ìyàwó sílé.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì yọ lẹ́nu rẹ̀. Bí ebi bá ń pa á, á fa ìyá rẹ̀ láṣọ. Bí inú bá ń run ún, á dákẹ́, á sì máa wo ògiri. Àjọ kan dá ilé ìtọ́jú ọmọdé sílẹ̀ ní òpópónà kejì, fún ọmọ àwọn tí ọwọ́ wọn kò tẹ́nu. Wọ́n ń bọ́ ọmọ níbẹ̀, wọ́n ń mójú tó wọn di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ní olùkọ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa kọ́ ọmọ tó pẹ́ sọ̀rọ̀ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Àyè kan ṣoṣo ló kù. Àlejò náà ń bọ̀ wá wo ilé àwọn tó ń wá àyè náà, kí wọ́n tó mọ ẹni tí wọ́n máa fún.

Ẹ̀yin náà ẹ gbà mí. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wo bí àìní ṣe rí nílé ẹni, ẹni náà wá ń wá aṣọ fèrèsé tó dára kiri! Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí àlejò jókòó sórí korobá? Korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ni àga ilé Alágbàfọ̀, ojú sì ń tì í.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Onídìrí, tí ilẹ̀kùn wọn kọjú síra, ló gbà á nímọ̀ràn.

"Korobá kẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí obìnrin yẹn máa sọ kiri pé ọ̀bùn ni ẹ́ ni? Wá gbé àga mi. Gbé kápẹ́ẹ̀tì náà. Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́?"

"Tẹlifíṣọ̀n tí ò ṣiṣẹ́?"

"Ta ló máa tàn án? Gbé e, jàre."

Wọ́n gbé ẹrù láti ilẹ̀kùn kan sí èkejì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ iléèwé. Àga tìmùtìmù méjì, kápẹ́ẹ̀tì, aṣọ fèrèsé, tẹlifíṣọ̀n, títí kan òdòdó oníke. Onídìrí náà ti béèrè àyè kan náà fún Ìjì, ọmọkùnrin rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún un.

Àlejò dé. Obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni, gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó jókòó, ó rì sínú tìmùtìmù. Ó wo kápẹ́ẹ̀tì, ó wo tẹlifíṣọ̀n.

"Ìyá Jẹ́jẹ́, ilé yín mà dára o."

Inú Alágbàfọ̀ dùn, ẹnu rẹ̀ kò lè pa dé. "Ẹ ṣé, mà. À ń gbìyànjú."

Ó ń gbìyànjú! Ọ̀rọ̀ yẹn ló sáré jáde lẹ́nu rẹ̀, òun ló sì pẹ́ jù tó ń gún un láyà.

Bí àlejò ṣe dìde, ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun ti gun àtẹ̀gùn burúkú yẹn, kí òun kúkú rí ẹnì kejì náà. Ó kan ilẹ̀kùn Onídìrí. Onídìrí ṣílẹ̀kùn, ó sì dúró bí ẹni tí wọ́n bá ní ìhòòhò. Yàrá náà ṣófo: mátírẹ́ẹ̀sì kan, ìkòkò, stóòfù, ó tán. Ó fẹ́ ṣàlàyé, ìtìjú kò jẹ́, ló bá bú sẹ́kún. Ẹkún òtítọ́ ni o, ẹ má ṣì í gbọ́. Ìjì sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, àlejò sì fọwọ́ bà á léjìká. Alágbàfọ̀ ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí fóònù Onídìrí fi dún. Ó pariwo ayọ̀, gbogbo ilé gbọ́. Lójijì ló rántí ẹni tó wà ní ọ̀kánkán, ló bá sọdá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Wọ́n ti mú Ìjì," ó ní, kò lè wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"O kú oríire."

Àwọn méjèèjì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbé ẹrù padà láìrẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kan bá gbọ́ ẹsẹ̀ èkejì lórí àtẹ̀gùn, á dúró sínú yàrá títí ẹsẹ̀ náà á fi kọjá.

Inú bí Alágbàfọ̀, ó bí i débi pé ó fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà. Ṣé Onídìrí ò lè lọ sọ òtítọ́ ni? Ó ń béèrè, ó sì mọ ìdáhùn. Ṣọ́ọ̀bù tí Onídìrí ti ń dìrí kò gba ọmọdé, inú yàrá ló máa ń ti Ìjì mọ́ tẹ́lẹ̀ bó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà gbìyànjú láti dáná fúnra rẹ̀, ó sì jóná lọ́wọ́. Alágbàfọ̀ ló gbọ́ igbe rẹ̀, òun ló já ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ńkọ́? Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ti ibi iṣẹ́ dé, ìyá rẹ̀ bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì rí ẹ̀jẹ̀. Bàtà ti há ọmọ náà lẹ́sẹ̀, gbogbo ọ̀nà ló fi rìn bẹ́ẹ̀, kò sì lè sọ. Alágbàfọ̀ jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan, ó sunkún títí. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pọn ọmọ, ó gba ọ́fíìsì àjọ lọ, nínú ọgbà ilé ìtọ́jú náà.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹrù tí ẹ rí nílé mi, mo yá wọn ni. Korobá ni mo máa ń jókòó lé."

Obìnrin tó wá wo ilé rẹ̀ lọ́jọ́sí bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ yá wọn? Nítorí kí ni?"

"Nítorí pé ẹ̀ ń bọ̀ ni, mà."

Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ìyá Jẹ́jẹ́, àánú yín ṣe mí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi irú ọ̀rọ̀ báyìí tàn wá jẹ rí. Mo gbọ́dọ̀ rí ẹni tó ni ẹrù náà, kí n fojú ara mi rí i níbẹ̀, kí n tó lè yí ohunkóhun padà. Ọwọ́ ta lẹ ti yá wọn?"

Ìbéèrè tí kò le rárá. Alágbàfọ̀ ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lójú ọ̀nà, kò ro ìyẹn mọ́ ọn. Bó bá ti pe orúkọ yẹn, obìnrin yìí á tún gun àtẹ̀gùn, á bá àga nílé Onídìrí, Ìjì á sì padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa. Ẹ̀rù bà á. Ooru ẹnu Jẹ́jẹ́ ń fẹ́ sí i lẹ́yìn ọrùn.

"Ìyá Jẹ́jẹ́?"

"Tèmi ni wọ́n, mà," ó ní. "Ẹ má bínú. Irọ́ ni mo wá pa."

Ojú obìnrin náà yí padà. "Ṣé ẹ rí i bí ẹ ṣe fẹ́ dí àwọn tí kò ní lóòótọ́ lọ́wọ́?"

"Mo rí i, mà. Ẹ má bínú."

Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó tún ọjá dì, ó jáde. Nínú ọgbà, àwọn ọmọ ń pariwo, wọ́n ń lé ara wọn kiri. Jẹ́jẹ́ yí gbogbo ara sí ọ̀dọ̀ wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá rẹ̀ kò dúró. Ó ti pẹ́ níbi iṣẹ́.