Ẹgbẹ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Pín sí Méjì

Obìnrin kan ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin gbé ọ̀rọ̀ yìí wá bá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pín ẹgbẹ́ yìí sí méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mò ń lọ. Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí ń bi mí láràárọ̀. Ṣé rédíò ni wọ́n fi mí ṣe ni?"

Ọdún mẹ́fà rèé tí obìnrin yìí ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Òfin kan ṣoṣo ló ní: ẹni tí wọ́n bá dá lóhùn gbọ́dọ̀ dá ẹlòmíràn lóhùn kó tó tún béèrè. Àbúrò rẹ̀ sì ni òpó ibẹ̀. Tó bá lọ, ta ló kù? Ló bá pín in: yàrá àgbà fún àwọn tó ti mọṣẹ́, yàrá ọmọdé fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ká má parọ́, ẹ̀rù ló bà á.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bó ṣe ń jẹun ọ̀sán nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó yọjú sí yàrá ọmọdé. Nọ́ọ̀sì kan ń kọ ètò tí yóò máa rán àwọn ìyá ọlọ́mọ létí ọjọ́ abẹ́rẹ́. Ó ti béèrè bí òun ṣe lè fi orúkọ tuntun kún fáìlì òun. Aránṣọ kan, tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ní kó kọ́kọ́ pa ti àtijọ́ rẹ́. Àwọn mẹ́rin mìíràn ní òótọ́ ni, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ irinwó ọmọ ló lọ ráúráú. Nọ́ọ̀sì ò tilẹ̀ bínú. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Màá tún un kọ láti inú káàdì wọn."

Ẹ̀gbọ́n ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ṣí yàrá àgbà. Odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan níbẹ̀ ju "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá" lọ. Ó tẹ àbúrò rẹ̀ láago.

"Ṣé gbogbo yín ti mọ gbogbo nǹkan tán ni?"

Àbúrò fèsì: "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ kan ti há mọ́ mi lọ́wọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin. Mo kọ ìbéèrè, mo pa á rẹ́, mo tún kọ, mo tún pa á rẹ́. Níbi tí gbogbo wa ti jẹ́ ọ̀gá, ta ni kí n sọ fún pé mi ò mọ̀?"

Àánú rẹ̀ ṣe é, inú ara rẹ̀ sì bí i. Ó sọ ti nọ́ọ̀sì fún un. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Èmi tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo tún lọ pín ilé."

"Ẹ dà wá pọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó dà wọ́n pọ̀ kí àkókò oúnjẹ tó parí. Àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ̀wé síbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn: "Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ gbà mí." Ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, ojú ìwé mẹ́ta gbáko.

Kí ọ̀gá kankan tó fèsì, nọ́ọ̀sì ti kọ̀wé.

"Bọ̀dá, mi ò mọ ọ̀kankan nínú ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ máa ṣàlàyé ẹ̀ fún mi díẹ̀díẹ̀, bóyá ẹ̀yin fúnra yín á rí ibi tó há sí. Mo wà ńbí."