Ọkọ̀ Tí Kò Ní Kílọ́ọ̀ṣì

"Ìyókù dà?"

Oníbúrẹ́dì ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sún awò ojú rẹ̀ sókè, ó sì tún wo abẹ́ ìdérí ọkọ̀ tuntun tí ọ̀dọ́mọkùnrin atajà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fún wọn.

"Ìyókù kí ni, Bàbá?" ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi í.

"Ìyókù ẹ́ńjìnnì. Èyí tí mò ń wò yìí, ààbọ̀ ni."

"Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn, sà. Púlọ́ọ̀gì mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe ti ọdún yìí. Kì í jẹ epo rárá."

"Kò lè jẹ ẹ́," ni Dókítà Eléyín sọ láti ẹ̀yìn. "Kò ní eyín tí yóò fi jẹ ẹ́."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìyá Gíà kò bá wọn rín. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, ó gbé ọwọ́ lé òrùlé rẹ̀ bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Òun ló kó wọn wá sí ilé onígíláàsì yìí, tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán tí òórùn táyà tuntun sì gba ibẹ̀ kan. Òun ló ti ń ka ìròyìn ọkọ̀ náà lórí fóònù láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ pé ó ń bọ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ́ ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà, ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ sì ti wá. Kò sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò gbọ́ ọ kó máa sọ pé, "Má wo ọwọ́ rẹ. Ọkọ̀ yóò sọ fún ọ ìgbà tó ń fẹ́ gíà." Òun àti Oníbúrẹ́dì àti Dókítà Eléyín, pẹ̀lú àwọn mélòó kan tí ọkọ̀ ń dùn mọ́ bí orin, ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n sọ ní Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta, nítorí kílọ́ọ̀ṣì, bíréèkì àti ìtẹná, ohun mẹ́ta tí wọ́n gbà pé ẹsẹ̀ awakọ̀ gidi gbọ́dọ̀ máa tẹ̀. Láràárọ̀ Sátidé, ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì ni wọ́n máa ń pàdé sí. Wọn yóò ṣí ìdérí ọkọ̀ wọn kalẹ̀, wọn yóò jẹ búrẹ́dì gbígbóná, wọn yóò sì jiyàn títí oòrùn yóò fi lé wọn lọ.

Ọkọ̀ tí Ìyá Gíà ń wà báyìí, ẹ̀gbọ́n ni ó jẹ́ fún ọkọ̀ tuntun yìí. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, àfi pé tirẹ̀ ní púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, gíà rẹ̀ sì ń wọlé bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ bọ́tà. Ìpáàrà ló bá a jà. Ó jẹ abẹ́ ọkọ̀ náà débi pé ojú títì ti ń yọ níbi ẹsẹ̀ èrò. Mẹkáníìkì rẹ̀ ti sọ ọ́ láìfi bò: "Ìyá, mo lè tún ẹ́ńjìnnì yìí ṣe títí ayé, ṣùgbọ́n n kò lè so ẹ́ńjìnnì mọ́ afẹ́fẹ́." Ìdí nìyẹn tó fi fọkàn sí àbúrò.

Ó wọlé, ó jókòó sí ìdí ọkọ̀. Ìjókòó náà tù ú lára. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lọ wá kílọ́ọ̀ṣì, kò sì bá nǹkan kan níbẹ̀ àfi kápẹ́ẹ̀tì.

"Èyí tó ní kílọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"Kò sí, mà. Gbogbo rẹ̀ ni wọn ò fi kílọ́ọ̀ṣì sí lọ́dún yìí. Gíà oníbẹ́líìtì ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ ara rẹ̀."

"Ẹ bá wa bẹ àwọn tó ń ṣe é. Àwọn tó bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n ṣe tiwọn lọ́tọ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pa ọwọ́ pọ̀. Kò fẹ́ rí wọn fín, ó kàn ń sọ ohun tó mọ̀. "Mà, mo ti kọ̀wé sí wọn nípa rẹ̀ rí. Àwọn tó ń béèrè kílọ́ọ̀ṣì ní gbogbo agbègbè yìí, gbogbo yín lẹ dúró níwájú mi yìí."

Ó gbà wọ́n láàyè kí Ìyá Gíà wà á yí ilé náà po. Nígbà tó tẹná, ẹ́ńjìnnì náà fi ohùn kan ṣoṣo kígbe, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan fún un. Ó bọ́ọ́lẹ̀, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà, ó dúpẹ́.

Níta, Oníbúrẹ́dì ní, "Ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n kó sábẹ́ ìdérí yẹn. Kò gbọdọ̀ sí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí yóò rà á. Kí wọ́n mọ̀ pé a rí ohun tí wọ́n ṣe." Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá Gíà ló kọ́kọ́ nawọ́.

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ wà nínú yàrá iwájú tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Aránṣọ ni, kóòtù àti ṣòkòtò ọkùnrin ló máa ń rán. Láti ìgbà tí àìsàn ti mú apá òsì ara rẹ̀, ọwọ́ ti padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ a sì máa kọ́ sí etí tábìlì.

Ìyá Gíà jókòó lórí àpótí, ó tú ẹjọ́ sílẹ̀. Ó sọ ti púlọ́ọ̀gì mẹ́ta, ó sọ ti bẹ́líìtì, ó fi ẹnu ṣe ohùn ẹ́ńjìnnì náà bí ẹ̀fọn tó ń yí etí ká.

"A ní ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n fi wà á," ni ó sọ.

Ọkọ rẹ̀ gbé ojú sókè. "Èébú ni ẹ fi ṣe? Ẹ̀rọ tó rán àwọn ọmọ rẹ jáde ilé-ìwé?"

"Olówó orí mi, ẹ má bínú. N kò bá ẹ̀rọ tiyín jà. Ṣùgbọ́n kí ló kàn án nínú mọ́tò?"

"Kò wá ní kílọ́ọ̀ṣì rárá?"

"Rárá."

"Ẹsẹ̀ òsì kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀?"

"Kankan. Á kàn jókòó bí àlejò."

"Hẹ̀n," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyá Gíà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ti dé orí bí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kò ṣe ka olólùfẹ́ ọkọ̀ sí mọ́, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣubú lé kóòtù tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti rán apá òsì mọ́ ìhà ọ̀tún. Ọkùnrin tó lè ti ojú orun rán kọ́là kó gún régé.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí apá yẹn?"

Ọkọ rẹ̀ wò ó, ó rí i, ó mú àlùmọ́gàjí kékeré, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Ó tú apá náà tán.

"Dókítà tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ mi ti ní mo lè wakọ̀," ni ó wá sọ. "Tí kò bá ṣáà ní kílọ́ọ̀ṣì."

"Ìgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ṣé o rántí ọjọ́ tí òjò pa wá nígbà tí a ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀?"

Ìyá Gíà rántí. Òjò yẹn kì í ṣe ti àná, kì í ṣe ti ìjẹta. "Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Kí n sọ pé kí ni? Ìgbà tí mo fẹ́ ọ, o ti ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ṣé kí n wá sọ pé nítorí pé ẹsẹ̀ tèmi jókòó, kí tìẹ náà lọ jókòó?"

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó tún kóòtù náà tò, ó fi ọwọ́ na apá rẹ̀ kó dọ́gba, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ìyá Gíà jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó wọ inú ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀. Kò ṣíná. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó fi gíà sí ọ̀kan, ó fi sí èjì, ó fà á padà. Ó rò ó bí ọkọ rẹ̀ ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, tí yóò kó aṣọ sẹ́yìn ọkọ̀, tí yóò máa gbé e lọ fún oníbàárà nílé, tí kò sì ní í tètè dé nítorí pé gbogbo ẹni tó bá pàdé ni yóò bá tàkúrọ̀sọ. Láti ìgbà àìsàn yìí, bó bá fẹ́ lọ síbi kan, yóò kọ́kọ́ wo ojú ìyàwó rẹ̀. "Ṣé yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gbé mi?" Báyìí ló ṣe máa ń béèrè, bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àjèjì. Gbogbo ìgbà ni òun ń dáhùn pé ó rọrùn. Kò bi ara rẹ̀ léèrè rí bóyá ìbéèrè yẹn rọ ọkọ òun lọ́rùn.

Ní ọjọ́ Ajé, ó ní kí ọkọ rẹ̀ wọ bàtà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin atajà rí wọn, ẹnu yà á, ṣùgbọ́n ó mú kọ́kọ́rọ́ wá, ó sì jókòó sẹ́yìn. Wọ́n mú ọ̀nà tí kò ní ọkọ̀ púpọ̀ lẹ́yìn ilé náà. Ìyá Gíà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, níbi tó máa ń jókòó sí bó bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì yín sẹ́yìn," ni ó wí.

"Sẹ́yìn ibo? Ó ti pẹ́ tó ti wà lẹ́yìn."

"Ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ fa gíà wá síbí. Ẹ rọra jọ̀wọ́ bíréèkì."

Ọkọ̀ náà gbéra. Ọkọ rẹ̀ di ìdarí mú bí ẹni tó di ọmọ ọwọ́ mú, èjìká rẹ̀ gbé sókè. Wọ́n kọjá ilé kan, wọ́n kọjá òmíràn, èjìká náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń kùn lóhùn kan. Níbi tó yẹ kí gíà kejì wọlé, ọwọ́ Ìyá Gíà dìde fúnra rẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ," ni ọkọ rẹ̀ wí, kò sì gbé ojú kúrò lójú ọ̀nà.

Ìyá Gíà fi itan tẹ ọwọ́ náà mọ́lẹ̀.

Wọ́n dé ìkóríta. "Ṣé kí n yà síbí?"

"Ẹ má bi mí. Ẹ̀yin lẹ ń wakọ̀."

Ọkọ rẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì yà síbi tó wù ú. Láti ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ti là. Ó nawọ́ sí ilé ọkùnrin kan tó máa ń fa ikùn rẹ̀ mọ́ra bí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n, tí kóòtù rẹ̀ kì í fi í bá a mu. Ó sọ ti ìyàwó olùkọ́ kan tó ní kí ó dín ṣòkòtò ọkọ òun kù láìjẹ́ kí ọkọ mọ̀, kí ọkọ lè rò pé òun ti sanra, kó dín oúnjẹ kù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Gíà ń wo ẹ̀gbẹ́ ojú ọkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà, Ìyá Gíà ló sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé àwọn yóò ra ọkọ̀ náà.

Ní Sátidé, wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn ilé búrẹ́dì. Ọkọ rẹ̀ ló wà á, kò sì sí ẹni tí kò rí i pé ìhà èrò ni Ìyá Gíà ti jáde.

"Ìwọ tó kọ́kọ́ nawọ́," ni Oníbúrẹ́dì sọ.

"Èmi náà ni."

"O wá sọ pé ó dára?"

"N kò sọ pé ó dára. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, gíà rẹ̀ kò ní làákàyè. Mo ní a ti rà á."

Oníbúrẹ́dì la ẹnu láti fèsì, ó wá rí ọkọ Ìyá Gíà tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu awò ojú rẹ̀. Dókítà Eléyín ló gbà á sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ forí jì wá o. Òfin ẹgbẹ́ ni. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nìkan ló ń wọlé síbí."

Ọkọ Ìyá Gíà dúró ṣinṣin, ó na ọ̀pá rẹ̀ síwájú, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó wo ọ̀pá. "Ẹ kà á," ni ó wí. "Ó jọ pé èmi nìkan ni ojúlówó ọmọ ẹgbẹ́ níbí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì yọjú. Wọ́n gbé àga fún un, wọ́n fún un ní búrẹ́dì tó gbóná jù, wọ́n sì ṣí ìdérí ọkọ̀ náà, wọ́n bú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáadáa bó ti yẹ. Ọkọ rẹ̀ bá wọn bú u, àfi ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ìyá Gíà kò pàdánù kílọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ ibi iṣẹ́ tó fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣì ní in, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ń ríṣẹ́ ṣe lójoojúmọ́ débi tó fi ń ro ó nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti fi ọkọ̀ kọlu òkúta etí ọ̀nà ní àárọ̀, tí ọkọ̀ sì ti kú mọ́ òmíràn lọ́wọ́ ní gbogbo ìkóríta ní ọ̀sán, ó jáde, ó dúró sí ẹnu géètì ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó ń retí. Ọkọ rẹ̀ pẹ́ dé. Ó ti gbé kóòtù fún oníbàárà, oníbàárà kò sì jẹ́ kó lọ bọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ náà dúró, ìhà awakọ̀ ni Ìyá Gíà gbà lọ láìronú. Ọkọ rẹ̀ wò ó láti inú gíláàsì, kò mira. Ìyá Gíà yí ọkọ̀ po, ó wọlé sí ìhà kejì, ó bọ́ bàtà.

"Ẹ káàbọ̀. Báwo ni oníbàárà yín?"

"Ó ní kí n kí ọ. Jẹ́ kí n sọ fún ọ ohun tó ṣe."

Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, ó ń fi ọwọ́ kan ṣe àpèjúwe, ó ń fi ọwọ́ kejì tọ́ ọkọ̀. Àárín ìtàn ló ti ṣàkíyèsí pé ẹnikẹ́ni kò dá òun lóhùn. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá Gíà, tí kì í fẹ̀yìn tì bó bá jókòó ti awakọ̀, tó máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ní gbogbo ìyípo, ti fi orí ti gíláàsì, ó ti sùn lọ.

Ọkọ rẹ̀ rọra dín eré kù, ó sì gba ọ̀nà tó jìn.