Ọmọ Mi Tí Gbogbo Kumasi Ń Lù

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi Isaac ọmọ mi hàn lórí tẹlifíṣàn, obìnrin kan tó ń ta kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àwọn ará Ghana, ní àdúgbò Dichemso fi ìpọnkò onígi là á lórí. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá," ó ní, "wọ́n ti mọ̀ mí."

Àpínkẹ́ ìyá rẹ̀ gbé omi iyọ̀ wá, ó ń fi fọ ojú ọgbẹ́ náà. Ó bi í pé kí ló ṣe fún obìnrin náà.

"N ò ṣe nǹkan kan fún un. Kẹ́ńkẹ́ ni mo fẹ́ rà. Ó ní èmi tí mo lé opó síta, mo tún láyà láti wá jẹun lọ́wọ́ obìnrin."

Kí ẹni tí kò gbé Kumasi rí lè mọ ohun tí mò ń sọ, ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ni àwọn Asante fi ń ka ìdílé. Bí ọkùnrin bá kú, ọmọ arábìnrin rẹ̀ ló ń jogún rẹ̀, kì í ṣe ọmọ tó bí. Wọ̀fà ni wọ́n ń pe ẹni tó jẹ́ arákùnrin ìyá wọn, ọ̀dọ̀ wọ̀fà ni ogún sì ti ń wá. Ìjọba ti ṣe òfin tuntun lọ́dún 1985 pé ìyàwó àti ọmọ gbọ́dọ̀ ní ìpín tiwọn, ṣùgbọ́n Accra ni òfin wà, Kumasi ni ilé wà.

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n gbé eré tẹlifíṣàn tí Isaac ń ṣe kà. Efie ni wọ́n pè é, ìyẹn ni "ilé" ní èdè Twi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń fi í hàn. Isaac ló ń ṣe Ntí, ọmọ arábìnrin olóògbé, tó lé opó wọ̀fà rẹ̀ jáde tòun tọmọ. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà náà. Kumasi la bí i sí, Twi rẹ̀ sì dára ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ kò lè mọ̀ pé ọmọ èmi Ọláníyọnu ni.

Ẹgbẹ́ òṣèré náà kì í kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Olórí wọn á sọ ìtàn fún wọn, oníkálukú á sì wá ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Bó bá kan ìjà, wọ́n ń jà ni. Gladys tó ń ṣe opó náà ló fúnra rẹ̀ sọ fún Isaac pé kó má di ọwọ́ mú. Mo wà nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣeré lọ́jọ́ kan tí àwọn ará tẹlifíṣàn wá ya eré. Ọmọ mi gbá obìnrin tó tó ìyá rẹ̀ létí, yẹtí obìnrin náà fò bọ́ sílẹ̀. Ó wọ́ ọ nírun dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí olórí ní ó tó, Gladys dìde, ó tu itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ sílẹ̀.

"Ntí, ọwọ́ rẹ pé lónìí," ó ní. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin lo ṣe ń fọwọ́ kàn mí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Kí ọdún náà tó parí, Isaac ò lè dá kọjá ní ìgboro mọ́. Àwọn ọmọdé ń pariwo "Ntí" tẹ̀lé e. Fọ́tò rẹ̀ wà lára kàlẹ́ńdà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn onígbàjámọ̀. Lílù náà ò sì dáwọ́ dúró. Ní Aboabo, wọ́n sọ ọ́ lókò títí eyín rẹ̀ kan fi yọ. Àwọn tó sọ òkò náà ló gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ní kó kọ orúkọ Ntí sínú ìwé fún àwọn kó tó máa lọ. Kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, Màmá Bertha, opó kan tó jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, fi abẹ́rẹ́ gún un nítan nígbà tí a di ojú láti gbàdúrà. Ó ní òun kò mọ ìgbà tí ọwọ́ òun lọ.

Mo pè é jókòó.

"Isaac, àwọn èèyàn yìí á pa ọ́."

"Bàbá, ẹni tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń lù. Àwọn tó ń ṣe èèyàn dáadáa nínú eré yẹn, ta ló mọ orúkọ wọn?"

"Sọ fún olórí yín kó jẹ́ kí Ntí kú."

"Bí Ntí bá kú, kí ni màá wá jẹ́?"

"Wàá jẹ́ Isaac," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Orúkọ tí a sọ ọ́ nìyẹn."

"Ìyá, ta ló mọ Isaac?"

Kò fi rí wa fín. Bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà ló ṣe sọ ọ́.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, Yaw lorúkọ rẹ̀. Yaw ló máa ń bá a rìn, òkò tí wọ́n sọ sí Isaac sì ti ba òun náà rí. Wọ̀fà Yaw wá kú ní Ashanti New Town, ó fi ilé kan sílẹ̀. Ìdílé yan Yaw pé òun ni kó jogún. Ṣùgbọ́n Esi, opó olóògbé, àti Kojo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kọ̀ láti jáde. Wọ́n ní Esi bá ọkọ rẹ̀ po sìmẹ́ńtì ilé náà pẹ̀lú oyún nínú, kò sí ẹni tó máa lé e níbẹ̀.

Yaw wá sílé wa lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan. Ojú mi ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, bá mi débẹ̀," ó sọ fún Isaac. "Má sọ nǹkan kan. Ṣáà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí wọ́n bá rí ojú ẹ, wọ́n á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán."

"Yaw," mo ní, "ìwọ lo ni ogún. Kí ló kan ọmọ mi níbẹ̀?"

"Agya, bàbá wa, ká fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni. Wọ́n á rí Ntí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, inú wọn á rọ̀."

Ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára mu ló sọ, mo sì gbọ́ méjèèjì. Mo kọjú sí Isaac.

"Nílé tiwa, ọmọ ló ń jogún bàbá. Bí mo bá kú lónìí, ìwọ lo ni ṣọ́ọ̀bù mi. Kí lo fẹ́ lọ ṣe lẹ́nu ọ̀nà ọmọ tí wọ́n fẹ́ gba ilé bàbá rẹ̀?"

"Bàbá, òkú Asante tí mo ti bá wọn sin pọ̀ ju òkú Yorùbá lọ. Ẹ fọkàn balẹ̀. Bí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín, mo lè bá wọn sọ̀rọ̀. Mo lè ní kí Yaw fi yàrá méjì sílẹ̀ fún wọn."

Ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn. Ó gbà pé àwọn tó ń lu òun fẹ́ràn òun, àti pé ìfẹ́ náà ṣeé lò bí èèyàn bá nílò rẹ̀. Mo wọ bàtà mi, mo tẹ̀lé wọn.

Kí a tó dé ilé náà, èrò ti tẹ̀lé wa láti òpópónà, wọ́n ń pe Ntí. Géètì ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Kojo ń gún fùfú nínú àgbàlá, ìyá rẹ̀ jókòó ti odó, ó ń fi ọwọ́ yí i. Ọmọ odó wọn gùn ju èèyàn lọ, bí ti gbogbo ilé níbẹ̀. Àwọn èrò kún ẹnu géètì.

"Ntí, lé e jáde ká rí i," ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Bú u bó o ṣe máa ń bú u," òmíràn sọ.

Àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́. Mo wo ojú ọmọ mi, mo sì rí i pé ojú tí mo rí nínú gbọ̀ngàn ọjọ́sí ni. Ó gbé kọ́là rẹ̀ dúró, ó na ìka sí Esi.

"Maame, òkú kì í ní ìyàwó. Gbé odó rẹ, kí o jáde."

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Esi kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú odó. Isaac rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ó sì tẹrí ba kíákíá láti sọ fún un pé eré ni. Mo gbọ́ "Maame, ẹ jọ̀ọ́". Kò parí rẹ̀.

Kojo fi ọmọ odó gbá a lábẹ́ etí. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí igi tútù bá dá. Isaac ṣubú lé odó, fùfú dà sí i láyà. Lẹ́yìn náà ọkùnrin kan jáde láàrin èrò, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́ níhà. Bí àwọn yòókù ṣe wọlé nìyẹn, àwọn kan náà tó rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀, wọ́n ń fi gìgísẹ̀ rẹ̀ gbá a lójú. Ẹnì kan gbé búlọ́ọ̀kù tó ti fọ́ níbi ògiri, ó jù ú lé e láyà, mo sì gbọ́ tí egungun yẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá lù ú ń dárúkọ ọ̀ràn tirẹ̀.

"Fún ilé ìyá mi nìyí."

"Fún ẹ̀gbọ́n mi ní Mampong."

"Oko kòkó wa tí wọ́n gbà ńkọ́?"

Yaw ti fo ògiri lọ.

Mo ń fi Yorùbá ké pé ọmọ mi ni, mo tún sọ ọ́ ní Twi. Ọkùnrin kan di ọrùn ẹ̀wù mi mú.

"Ìwọ lo bí Ntí?" Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Alátà ni wọ́n. Ẹ ò gbọ́ èdè tó fi ń ké? Ọmọ Alátà ló ń lé opó wa jáde."

Alátà ni wọ́n máa ń pe àwa tí a wá láti Nàìjíríà. Wọ́n fi àpótí ìjókòó Esi lù mí lápá, egungun rẹ̀ dá. Mo dùbúlẹ̀ lé ọmọ mi lórí. Ohun tó ń ba òun tẹ́lẹ̀ wá ń ba èmi.

Esi ló dá a dúró. Ó fi ọwọ́ tí fùfú ṣì lẹ̀ mọ́ fa wọ́n sẹ́yìn ní aṣọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí àyè fi ṣí. Òun ló pe takisí.

Orí Isaac wà lórí itan mi nínú takisí náà. Kò sọ̀rọ̀. Eyín méjì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi, n kò mọ ìgbà tí mo ṣà wọ́n. Ó kú kí a tó dé géètì ilé ìwòsàn.

Kojo nìkan ni ọlọ́pàá mú. Àwọn yòókù ti tú ká. Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, Esi wá sílé wa, ó kúnlẹ̀ níwájú èmi àti Àpínkẹ́.

"Agya, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Kojo lù ú. Ẹ wà níbẹ̀, ẹ rí àwọn tó parí rẹ̀. Bí wọ́n bá mú Kojo lọ, kò sí ọkùnrin tó máa dúró lẹ́nu géètì fún mi mọ́."

Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Àpínkẹ́ ní kó dìde.

Ní kóòtù, adájọ́ bi mí pé ta ló lu ọmọ mi. Apá òsì mi ṣì wà nínú báńdéèjì, ọ̀tún ni mo fi tọ́ka sí Kojo. Ó bi mí bóyá ẹlòmíràn wà. Mo ní wọ́n pọ̀. Ó ní kí n tọ́ka sí wọn. Mo wo àwọn tó kún inú kóòtù. Mo rí ojú bíi méjì tí mo rò pé mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wà lójú mi lọ́jọ́ náà, mo sì ti fi Bíbélì búra. Mo ní ti Kojo nìkan ló dá mi lójú.

Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n. Nígbà tí mo délé, Àpínkẹ́ bi mí pé kí ni mo sọ, mo sì sọ ọ́ fún un bó ṣe rí.

"Bàbá Isaac," ó ní, "ìyá Kojo ńkọ́?"

Mo ní adájọ́ kò bi mí nípa ìyá rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Yaw pààrọ̀ àgádágodo géètì ilé Esi.